Ta Ló Gbé Ẹ Dúró Síbẹ̀? Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ara Ẹni Nídìí Ẹṣin, Màlúù àti Àgbò

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹṣin tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde. Sílípáàsì ni mo wọ̀. Wọ́n ti di ẹṣin náà ní gàárì tán, ó dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi, ọmọkùnrin tó di okùn ẹ̀ mú sì ti sọ fún mi pé, "Sún mọ́ ọn, kì í ṣe nǹkan kan." Mo sún mọ́ ọn. Ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn. Bí ẹnì kan ṣe lu ìlù gbàm lẹ́yìn wa nìyẹn. Ẹṣin yí ìdí padà, pátákò ẹ̀ kan sì bọ́ sórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Mo pariwo, mo ń fa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò jáde. Àbúrò bàbá mi ló sáré dé. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ti ẹṣin léjìká, ẹṣin gbé ara lọ sápá kejì, ẹsẹ̀ mi bọ́. Kó tó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi mí: "Ta ló gbé ẹ dúró síbẹ̀?"

Mo fẹ́ nawọ́ sí ọmọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ nawọ́ sí onílù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ara mi dúró síbẹ̀, tèmi ti sílípáàsì, níbi tí igi ò ti jẹ́ kí n ráyè yẹra. Gbogbo ohun tí mo wá mọ̀ nípa ẹran ńlá lẹ́yìn ìyẹn, ìdí ìbéèrè yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Òun náà ni mo máa ń bi àwọn ọmọ tí wọ́n bá ní kí n kọ́ àwọn ní ẹṣin gígùn.

Àwọn tó ń sún mọ́ ẹṣin ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, àti ìdílé àwọn Balógun máa ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, níwájú ààfin, àwọn ìdílé Balógun ló sì ń gun ẹṣin. Láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba, tòun ti jígí dúdú lójú, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lóṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí láyé ẹ̀ náà ń fẹ́ ya tiẹ̀. Ìlọrin ní Durbar tiwọn, àjọ̀dún àwọn ẹlẹ́ṣin. Létíkun Èkó, owó ni wọ́n ń gbà gbé ọmọdé gẹṣin. Tó bá sì di Iléyá tàbí òkú àgbà, màlúù á wà lẹ́yìnkùlé ẹni tí kò so ewúrẹ́ rí.

Ẹṣin tí à ń gùn níbí lè wọ̀n tó kílò 300, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ ronú àpò mẹ́fà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ̀rù sì lè bà.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ délẹ̀délẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ bá máa gùn, kí gìgísẹ̀ bàtà náà ga díẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má baà wọnú irin tí à ń fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì kó sì há síbẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ ńlá sílé, torí okùn máa ń kọ́ wọn. Ẹ má mu ọtí. Ẹni tó bá ti mutí, bó ti wù kó mọ ẹṣin tó, ẹ má jẹ́ kó di okùn mú fún yín.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti gbà á. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin wà lára ibi tí kòkòrò tó ń fa àrùn yẹn máa ń gbé, ọgbẹ́ kékeré ló sì ń gbà wọlé.

Ó ku akoto. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń fi akoto rọ́pò abetí-ajá lọ́jọ́ Ojúde Ọba, èmi náà kì í ṣe é. Ewu tí mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà ni, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé kì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí à ń kọ́ ẹṣin kí ọjọ́ náà tó dé, ẹni tí kò bá dé akoto tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹṣin gígùn ò ní gun ẹṣin lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹṣin ló ń ṣubú jù.

2. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹṣin náà dáadáa

Ẹ dúró lókèèrè kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú bíi méjì. Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò jù, òun sì ni mi ò lè fi ṣeré.

Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, kò kọjú síwájú bíi tiwa. Ó ń rí bíi gbogbo àyíká ẹ̀ láìyí ọrùn. Ibi méjì ni kì í rí: ẹ̀yìn ìdí ẹ̀ gan-an, àti iwájú orí ẹ̀ gan-an títí dé abẹ́ imú. Ẹ wá wò ó o, ibi méjèèjì yìí gan-an ni àlejò máa ń gbà lọ bá a. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ pa á nímú á gba iwájú wá. Ẹni tó fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ ya fọ́tò á gba ẹ̀yìn. Ẹṣin ò mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi wá. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kan yọ sí òun láti ibi tí òun ò rí. Ẹran tí àwọn ẹranko ń pa jẹ nínú igbó ni baba ńlá ẹ̀, sísá ló sì fi ń gba ara ẹ̀ là. Bí ẹ̀rù bá bà á, á sá; bí kò bá rí ibi sá sí, á tàpá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo etí. Etí tó nà síwájú fi hàn pé nǹkan kan wà níwájú tó ń wò. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ń wò, torí òun lẹ̀rù ẹ̀ máa tìdí ẹ̀ wá. Bí etí kan bá yí sápá ọ̀dọ̀ yín, ó ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ìyẹn dáa. Etí méjèèjì tó bá lẹ̀ mọ́ ọrùn pẹrẹsẹ, inú ń bí i nìyẹn, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ojú: bí funfun ẹ̀ bá ń hàn yàlàyàlà, àyà ẹ̀ ń já. Ẹ wo ìrù: bí ó bá ń nà án fìà-fìà nígbà tí kò sí eṣinṣin lára ẹ̀, ara ń kan án. Ẹṣin tó dúró lójú kan tó sì ń làágùn, tó gbé orí sókè, tó ń fẹ́ imú fìn-ín, ẹ má lọ bá a.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ẹ lè rí i tí ẹṣin gbé e ṣẹ́yọ, tó fi ṣóńṣó pátákò kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ń sinmi ni. Ṣùgbọ́n bí etí bá lẹ̀ mọ́ ọrùn ní àkókò kan náà, ọ̀ràn ti yí padà.

Ẹ tún bi ẹni tó mú un wá ní ìbéèrè. Ẹ má bi í pé ṣé ó máa ń tàpá; á ní rárá ni, ọjà ẹ̀ ló kúkú ń tà. Ẹ bi í pé: "Ìgbà wo lẹ gùn ún láàárín ìlù àti èrò kẹ́yìn? Ibo ni kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án? Kí ló máa ń já a láyà?" Ẹni tó mọ ẹṣin ẹ̀ á dáhùn kíá, á sì kún un fún àlàyé. Ẹni tó bá ń wo ojú yín tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gba ẹ̀rín yẹn náà bí ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ wa ló jẹ́ Hausa, ó sì dáa kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan lẹ́nu wọn: doki ni ẹṣin, tsaya ni "dúró", a hankali ni "rọra." Bí ẹ bá gbọ́ "a hankali" lẹ́yìn yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá wí.

3. Ibi ìdúró

Èjìká ẹṣin ni ilé yín. Ẹ rìn lọ bá a láti ẹ̀gbẹ́, ní gígùn apá òsì ẹ̀, torí pé apá òsì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹṣin láti kékeré. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀; ohun tí ẹ ń sọ ò ṣe pàtàkì, ẹ lè máa kì í ní oríkì bí ẹ bá fẹ́. Kí ohùn yín ṣáà rọlẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn tàbí èjìká ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ibòmíràn, ọwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ fi kàn án, kó má rí bíi pé ẹ fẹ́ rin ín.

Níbi tí ẹ bá dúró sí, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ máa gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ògiri, ọkọ̀ tàbí igi bá wà lẹ́yìn yín, àárín ẹran àti ògiri lẹ wà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ má jókòó, ẹ má kúnlẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ tó lè gbé yín lọ. Ẹ má gba abẹ́ ọrùn ẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba òkèèrè, kó jìn tó gígùn ẹṣin méjì ó kéré tán. Bí àyè ò bá sì sí, ẹ sún mọ́ ọn gbágbá, ẹ gbé ọwọ́ lé e nídìí, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí ara yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án bí ẹ ṣe ń yípo lọ. Ó máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ráyè nà kó tó bà yín, ìpàá náà ò ní lágbára tó. Àárín méjèèjì ni ikú wà: ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ sì ni àwọn oníkámẹ́rà fẹ́ràn.

4. Okùn

Mo ní ìbátan kan tí ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ méjì kì í ká délẹ̀ mọ́. Ó ká okùn ẹṣin mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dì í mú dáadáa. Mọ́tò kan fọn fèrè. Ẹṣin gbé orí, okùn fún mọ́ ọwọ́, ẹṣin sì sáré. Kó tó ké, ó ti ṣẹlẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ má ká okùn mọ́ ọwọ́, mọ́ ìbàdí tàbí mọ́ ọrùn ọwọ́ láé. Ẹ ṣẹ́ àṣẹ́kù okùn náà bí ẹni ń ṣẹ́ aṣọ, ẹ̀ẹ̀kan síwájú, ẹ̀ẹ̀kan sẹ́yìn, kí ẹ di àárín ẹ̀ mú sọ́wọ́ òsì. Bí ẹṣin bá já gbà, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan á tú jáde, ọwọ́ yín ò ní bá a lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà nítòsí àgbọ̀n ẹ̀. Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láàárín orí àti èjìká; ẹni tó ń ṣíwájú tó ń wọ́ ọ bí ewúrẹ́, kò ní mọ̀ bí ó bá ń bọ̀ lórí òun. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ tì í sápá kejì, ẹ má fà á wá sórí ẹsẹ̀ ara yín. Kí okùn má sì wọ́ nílẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ yín lè wà nínú ihò ẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́lẹ̀, ẹ wá òpó tó rinlẹ̀. Kì í ṣe ìlẹ̀kùn mọ́tò, kì í ṣe géètì, kì í ṣe àga. Mo ti rí ẹṣin tó fa àga ike kan káàkiri àdúgbò, bí àga yẹn ṣe ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ tó ni òun náà ń sá tó. Okùn orí ni kí ẹ fi so ó. Bí ẹ bá fi ìjánu so ó tó sì fà sẹ́yìn, irin á ya á lẹ́nu. Kí ibi tí ẹ so ó mọ́ ga tó àyà ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí okùn má sì gùn ju apá kan lọ, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má baà kọ́ ọ.

Ojóbó ni kí ẹ ta, ẹ má ta kókó. Bí a ṣe ń ta á nìyí. Ẹ na okùn yípo òpó. Ẹ fi apá tó wà lọ́wọ́ yín ṣe ihò kan, ẹ gbé ihò náà lé orí okùn tó lọ sọ́dọ̀ ẹṣin. Ẹ wá ṣẹ́ okùn tó kù po sí méjì, ẹ gba ẹ̀yìn okùn tó lọ sọ́dọ̀ ẹṣin yẹn ti ibi tó ṣẹ́po náà wọnú ihò, ẹ fa á mọ́ òpó. Ìdí okùn á máa fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹṣin bá ń fà, ńṣe ni ojóbó ń le sí i. Bí ẹ̀yin bá fa ìdí okùn yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ tú. Ẹ fi ẹsẹ̀ àga dánra wò nílé títí ẹ fi máa lè ta á ní dídijú. Ọjọ́ tí ẹ máa nílò ẹ̀, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n.

5. Gígùn

Ẹ fọwọ́ sí abẹ́ okùn tó di gàárì mọ́ ikùn ẹṣin kí ẹ tó gùn ún. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣe é, kódà bí ẹnì kan bá ti ní òun ti ṣe é. Ìka méjì ló yẹ kó lè wọ̀ ọ́. Bí odindi àtẹ́lẹwọ́ bá wọlé fàlàlà, gàárì á yí lọ sápá kan, ẹ̀yin náà á sì bá a lọ. Ẹṣin mìíràn máa ń fẹ́ ikùn nígbà tí wọ́n bá ń dì í, torí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ó bá ti rìn díẹ̀.

Ẹ ká agbádá sórí èjìká kí ẹ tó gòkè, kó má gbá ẹṣin nídìí. Iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni kó wọnú irin, kí gìgísẹ̀ yín rẹlẹ̀. Bí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tí kò gbọ́, ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì fa ìjánu títí. Ó lágbára jù yín lọ. Okùn ìjánu kan ṣoṣo ni kí ẹ fà, díẹ̀díẹ̀, kí orí ẹ̀ yí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Ẹṣin tó ń yípo kì í lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó gba kí àyè wà o. Lójú títì tóóró, yíyí i lójijì lè gbé e ṣubú.

Bí ẹ bá ń ṣubú, ẹ ju okùn sílẹ̀, ẹ ká ara jọ, ẹ yí kúrò lọ́nà ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Òwe dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó forí gbalẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tún gùn lọ́jọ́ náà.

Bí ọkàn yín bá sì ń sọ fún yín pé ẹṣin yìí ò dáa lónìí, ẹ má gùn ún. Mo ti bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ìdílé rí, tòun ti aṣọ òfì ọjọ́ náà, mo sì fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

6. Bí ẹ bá wà lára èrò ìwòran

Ìbọn, ìlù, fèrè, agbòòrùn tó ṣí lójijì, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé, iná fóònù tó kọ mànà: gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ dúró sẹ́yìn okùn tàbí irin tí wọ́n fi pààlà. Bí kò bá sí ààlà, ẹ wá ibi tí ẹ lè yà sí, bí ẹnu ọ̀nà ilé tàbí ẹ̀yìn mọ́tò. Ọmọ kékeré, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ ya fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹṣin náà rí yín. Ẹ má pa agbòòrùn dé tàbí ṣí i nítòsí ẹ̀.

Bí ẹṣin bá já, ẹ má lé e, ẹ má nà ọwọ́ dí i lọ́nà. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣin yòókù ló ń sá lọ.

Màlúù àti àgbò

Màlúù kì í ṣe ẹṣin tó ní ìwo. Ìpàá ẹ̀ yàtọ̀: ó lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá síwájú kó fi gbá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn ẹ̀ yí po, níbi tí ẹlẹ́ṣin á ti rò pé òun bọ́. Abo tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ le ju ọ̀pọ̀ akọ lọ. Ẹ má wà láàárín òun àti ọmọ ẹ̀.

Gbogbo màlúù ló ní ibi tí ẹ máa sún mọ́ ọn dé tí ara ẹ̀ á kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀, á ṣí. Bí ẹ bá bọ́ sẹ́yìn, á dúró. Èjìká ẹ̀ ni ìlà. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn èjìká, ẹ ń lé e síwájú; bí ẹ bá kọjá sí iwájú èjìká, ẹ ń dá a padà. Ẹ wo darandaran tó mọṣẹ́, ọ̀pá ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ẹran lára. Ìgbésẹ̀ kan síwájú, ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, agbo ń lọ.

Màlúù Iléyá ló wá burú jù. Wọ́n já a kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ọjà bíi Kára lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n dì í sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n já a sílẹ̀ ní ọgbà tí kò mọ̀, ogún èèyàn sì pagbo yí i ká, wọ́n ń pariwo. Ẹran tó dá wà, tí kò rí ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ló jẹ́ ọ̀nà fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nílé wa kò ju mẹ́rin lọ. Kí àwọn ọmọ wọlé kí mọ́tò tó dé. Kí ẹni tó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kó jẹ́ àwọn tó mọ okùn. Kí gbogbo ẹni tó kù wà lẹ́yìn nǹkan tó le, kì í ṣe lẹ́yìn ẹlòmíràn. Kí olúkúlùkù sì wo ilẹ̀ bóyá okùn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Àgbò, ọwọ́ ara wa la fi ń bà á jẹ́. Ọmọ á máa fọwọ́ ti iwájú orí ẹ̀ ṣeré, àgbò á ti í padà, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Kíkan èèyàn lẹ fi kọ́ ọ yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, á kan ìyá àgbà nídìí kànga. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, abẹ́ àgbọ̀n tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni. Ẹ má kẹ̀yìn sí èyí tó ń rẹ orí sílẹ̀ tó ń rìn sẹ́yìn. Ìgbà tó bá rìn sẹ́yìn ló ń bọ̀.

Lójú títì, bí agbo màlúù bá ń kọjá, ẹ dẹwọ́ eré, ẹ dúró, ẹ má fọn fèrè, ẹ má gba àárín wọn. Lóru, ẹ rẹ iná sílẹ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹṣin bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, èjìká ẹ̀ ni kí ẹ tì, bí àbúrò bàbá mi ti ṣe.

Ẹni tó ṣubú tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ má fà á dìde. Ẹ kó ẹran kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe wà, ẹ pe 112. Ẹ má fi òróró ra á, ẹ má na ọrùn ẹ̀. Ẹni tó forí gbalẹ̀ tó ń bì, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí tí oorun ń gbé lọ, ilé ìwòsàn ni, kódà bó bá ní ara òun le. Ẹni tí wọ́n tàpá sí níkùn náà, ilé ìwòsàn ni, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú kí àpá kankan má hàn lára.

Bí ẹran bá gé yín jẹ tí awọ ara sì ya, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wo aago. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ kan náà nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dìgbòlugi. Ajá nìkan kọ́ ni dìgbòlugi ń mú. Ẹṣin àti màlúù náà ń ní in, tí àmì ẹ̀ bá sì ti hàn lára èèyàn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ tú okùn, ẹ ká a, ẹ gbé e kọ́.

Àbúrò bàbá mi ò gun ẹṣin mọ́, orúnkún ò gbà fún un. Àga ló ń gbé síta báyìí láti wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹ̀yìn ẹ̀ kọ ògiri, àga náà ò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ lápá òsì ẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ló wọ̀.